Wọ́n ní kí n wá ṣiṣẹ́ míṣọ̀n ní Sierra Leone lóṣù Keje, àárín òjò gan-an. Ṣé kí n lọ?

Olùkọ́Ìṣirò | 3 oṣù Karùn-ún

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ìlú òtútù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 14 sẹ́yìn. Àjọ míṣọ̀n kan tí ìjọ wa ń ràn lọ́wọ́ kọ̀wé pè mí sí abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Bo, ní gúúsù Sierra Leone. Ọ̀sẹ̀ 6 ni, láti àárín oṣù Keje títí di ìparí oṣù Kẹjọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n ṣe ni kí n jókòó ti àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ká jọ wo bí ènìyàn ṣe lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò níbi tí ìwé ò ti pọ̀, kí n sì bá wọn lọ́wọ́ sí ẹ̀kọ́ ìsinmi tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn máa ń ṣe fáwọn ọmọdé láàárọ̀.

Ìgbà yẹn nìkan ni mo ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ń mi orí. Wọ́n ní òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò eré, kí n dúró di Kérésì. Mo ti gbàdúrà sí i, ọkàn mi sì fà sí i gidigidi, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ di ẹrù sórí àwọn tí mo fẹ́ ràn lọ́wọ́. Ìbéèrè mìíràn tún wà tó ń tì mí lójú díẹ̀: èmi ni màá san owó ọkọ̀ òfurufú, owó oúnjẹ àti ti ibùsùn. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo ń wá.

Nọ́ọ̀sìAláwọ̀n | 3 oṣù Karùn-ún

Àǹtí olùkọ́, ẹ kú èrò rere. Ìgbà òjò 2 ni mo ti lò níbẹ̀, ọ̀kan lápá Kenema, ọ̀kan nítòsí Makeni. Ó ṣeé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ ibà, torí àwa gan-an la máa ń ṣe àṣìṣe yìí ju òyìnbó lọ. A ó ní, "Ibà kì í ṣe àjèjì sí mi, mo ti ń ṣe é láti kékeré." Agbára tí ara fi ń bá ibà jà kì í dúró kalẹ̀ o. Ẹni tó ti pẹ́ níbi tí kò ti sí ibà, ara rẹ̀ á ti gbàgbé ìjà náà. Pẹ̀lú ọdún 14 yẹn, ẹ ka ara yín sí àlejò pátápátá lọ́wọ́ ẹ̀fọn.

Oògùn 3 ni dókítà sábà máa ń yàn nínú wọn. Atovaquone-proguanil, ojoojúmọ́ ni, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó wọ ibẹ̀, ẹ ó sì máa lò ó lọ fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò. Doxycycline náà, ojoojúmọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò lẹ ó tó dá a dúró. Oòrùn máa ń tètè jó awọ ẹni tó ń lò ó, aláboyún kì í sì í lò ó. Mefloquine ni ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn, àmọ́ ẹni tí wárápá tàbí àìsàn ọpọlọ bá ti ṣe rí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Dókítà yín ló máa yàn.

Ohun tí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe ju oògùn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá délé. Arábìnrin kan tá a jọ lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀fọn wo ló tún kù?" Kò pé ọ̀sẹ̀ 2 tí wọ́n fi gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn, dókítà sì rò pé ọ̀fìnkìn líle ni, torí kò sẹ́ni tó bi í pé ibo ló ti ń bọ̀. Ó yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ó kù díẹ̀. Tí ara yín bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ bá padà, ì báà jẹ́ oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín ni, "Mo lọ sí Sierra Leone."

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà ńkọ́? Wọ́n á béèrè káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ gbà á, ó kéré tán, ọjọ́ 10 kí ẹ tó wọlé. Tí ẹ bá ti gbà á nígbà kan rí, ẹ wá káàdì náà jáde, torí láti ọdún 2016 ló ti di pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó títí ayé.

ArìnnàPẹ́ | 4 oṣù Karùn-ún

Èmi ní kí ẹ dúró. Ẹ má bínú pé mò ń sọ ọ́ gbangba.

Àwa 12 la lọ, oṣù Kẹjọ ni, ọ̀sẹ̀ 2. Ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀ kí a tó dé abúlé. Àwọn ọkùnrin abúlé náà fi oko wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 gbáko láti wá fa ọkọ̀ àlejò jáde, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Nígbà tá a dé, àwọn àpótí ìwé tí a gbé lọ ti rin gbingbin. Eré àti orin tí a fẹ́ bá àwọn ọmọdé ṣe, ìta gbangba la ṣètò rẹ̀ sí. Òjò ò gbà. Ọjọ́ 9 nínú ọjọ́ 14 la fi jókòó sábẹ́ páànù tí à ń wo omi. Wọ́n sì ń fún wa lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ̀yìn tí mo padà ni ẹnì kan tó sọ fún mi pé oṣù Kẹjọ ni oúnjẹ máa ń tán nílé wọn. Títí dòní, tí mo bá rántí ìyá tó ń gbé ìrẹsì yẹn wá fún wa pẹ̀lú ẹ̀rín, ara mi kì í lélẹ̀.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ò dáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìgbà tó rọrùn fún yín lè jẹ́ ìgbà tó nira jù fún wọn.

Olùkọ́Ìṣirò | 4 oṣù Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n ArìnnàPẹ́, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an lẹ sọ yìí. Nọ́ọ̀sì, mo ti kọ orúkọ oògùn sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá rí dókítà. Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó ń gbé ibẹ̀?

ỌmọSàró | 5 oṣù Karùn-ún

Èmi rèé. Ọdún kọkànlá mi ní Freetown nìyí, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ìyàwó.

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ nípa ebi. Ìrẹsì ni oúnjẹ àwọn ará ibí. Ìkórè máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá ń lọ sópin, nígbà tó bá sì fi máa di oṣù Keje àti Kẹjọ, èyí tí wọ́n kó sí àká ti tán, tuntun ò sì tíì gbó. Ìgbà yẹn kan náà ni iṣẹ́ oko pọ̀ jù, ìgbà yẹn ni omi ń bàjẹ́, ìgbà yẹn ni ibà ń gbé ọmọdé. Gbogbo rẹ̀ já lu ara wọn. Nítorí náà, tí àlejò 12 bá wọ abúlé lóṣù Kẹjọ láìgbé oúnjẹ tiwọn lọ́wọ́, ó wúwo lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rèé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń wá. Lóṣù Kejìlá àti Kìíní, oúnjẹ wà, ọ̀nà gbẹ, àwòrán á dáa. Tí òjò bá dé báyìí, gbogbo ojú àlejò á ti lọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olórí ilé-ẹ̀kọ́ kan pé, "Ìgbà tí a bá ní oúnjẹ ni àwọn ọ̀rẹ́ wa máa ń wá." Kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, bí ó ṣe rí ló sọ.

Oṣù Keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni ilé-ẹ̀kọ́ máa ń wà nísinmi. Ìgbà tí ọwọ́ olùkọ́ dilẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Tí Àǹtí bá dúró di Kérésì, ta ni wọ́n fẹ́ bá jókòó? Nítorí náà ìbéèrè mi sí yín, Àǹtí: ta ló yan oṣù Keje? Ṣé ọ́fíìsì míṣọ̀n lókè òkun ni, àbí àwọn olùkọ́ abúlé yẹn ló ní ìgbà tí ó wọ̀ fún àwọn nìyẹn? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lójú tèmi.

Bíríkìlà_Onígbàgbọ́ | 5 oṣù Karùn-ún

Mo fọwọ́ sí ti ỌmọSàró. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹnu.

Ìgbà òjò la lọ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ 2. Iṣẹ́ mi ni, mo yẹ kí n mọ̀, àmọ́ ìtara wọ̀ mí lójú. Ihò ìpìlẹ̀ tí a bá gbẹ́ lónìí, omi á kún un mọ́jú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ya wọlé. Bíríkì tí a gbé síta kò gbẹ. Kọnkéré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, òjò á fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lójú rẹ̀, iyanrìn àti òkúta á kù. Ọ̀sẹ̀ 3 la lò, ògiri kan ṣoṣo la gbé dúró, ó sì wó lóṣù tó tẹ̀lé e. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ kankan ò sí nídìí rẹ̀. Àwọn bíríkìlà tó wà lábúlé yẹn ti sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kò tíì yá. A ò gbọ́. A rò pé nítorí pé a rin ọ̀nà jíjìn, ó di dandan kí iṣẹ́ jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, kó dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí kó fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀. Àmọ́ ti Àǹtí olùkọ́ yìí, ẹ̀kọ́ kì í rin nínú òjò.

BàbáIjọ | 6 oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi olùkọ́, mo kí ọ. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ̀ ń sọ. Mo fẹ́ kó o mọ ilẹ̀ tó o fẹ́ tẹ̀.

Àwọn baba wa ní orúkọ fún ilẹ̀ yẹn: Sàró. Lọ́dún 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àjàyí kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti mọ ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti rì í bọmi lóṣù Kejìlá ọdún 1825, tó fi di Samuel Crowther. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Míṣọ̀n CMS dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ lọ́dún 1827, òun ló wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Lọ́dún 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Aku, torí ìkíni wa, "ẹ kú", tí kì í kúrò lẹ́nu wọn.

Kí ni mò ń fà yọ? Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí CMS ń rán lọ síbẹ̀ láti ọdún 1804, ọ̀pọ̀ wọn ni ibà pa. Ibojì òyìnbó ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pe ilẹ̀ náà. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀fọn ni. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn, ó sì lọ sí Freetown fúnra rẹ̀ lọ́dún 1899 láti wá irú ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri. Àwọn tó kú wọ̀nyẹn ò ní oògùn, wọn ò ní àwọ̀n. Ìwọ ní in. Ẹni tó bá ní in tí kò lò ó, kò gbọdọ̀ pè é ní ìgbàgbọ́. Mo sọ èyí torí mo ti gbọ́ ọ rí lórí pẹpẹ pé ẹni tí Ọlọ́run bá rán kì í lo oògùn ibà. Irọ́ ni, ó sì ti pa ènìyàn.

Ẹ̀kejì ni pé ẹni tó gbé ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ wa jù lọ kì í ṣe àlejò. Ọmọ ilé ni, tó gbọ́ èdè. Nítorí náà bí o bá lọ, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni kó o máa gbé ga lójú àwọn ọmọ, má ṣe gbé ara rẹ.

ỌmọSàró | 6 oṣù Karùn-ún

Bàbá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Títí di òní, "Kushɛ" ni ìkíni ní èdè Krio níbí, ọ̀pọ̀ sì gbà pé "ẹ kúṣẹ́" wa ni. Àǹtí, ẹ kọ́ Krio díẹ̀ kí ẹ tó wá: "Aw di bodi?" (Ṣé ara le?) "Di bodi fayn." (Ara le.) Ní apá Bo, Mende ni wọ́n ń sọ nílé, ṣùgbọ́n Krio á gbà yín lọ́jà àti lójú pópó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òkè náà, torí mi ò lè sọ̀rọ̀ òjò Freetown kí n má sọ ọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí òjò ti ń rọ̀, apá kan òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ ní Regent láàárọ̀ kùtù. Regent yìí kan náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú. Ènìyàn tó lé ní 1,000 ló kú tàbí tí a ò rí mọ́. Wọ́n ti gé igi orí òkè náà, wọ́n sì ti kọ́ ilé sí ojú ibi tí omi ń gbà. Ìbátan ìyàwó mi kan wà níbẹ̀. A ò rí òkú rẹ̀ sin.

Nítorí náà, tí àjọ kankan bá fẹ́ fi yín sí ilé àlejò ní Freetown, ẹ béèrè bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Tó bá wà ní ìsàlẹ̀ òkè tí wọ́n ti gé igi orí rẹ̀, tàbí ní etí ipa odò, ẹ kọ̀ ọ́. Kì í ṣe àìmoore.

Lórí ìrìnnà: Lungi ni pápákọ̀ òfurufú wà, omi ló sì wà láàárín rẹ̀ àti Freetown. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń gbé èrò kọjá, nígbà òjò sì rèé, omi yẹn máa ń ru. Bo lẹ̀ ń lọ, ẹ ò nílò láti kọjá omi rárá. Kí ọkọ̀ wá pàdé yín ní Lungi, kí ẹ gba Port Loko sí Masiaka, kí ẹ sì máa lọ sí Bo. Ọ̀dà wà lójú ọ̀nà yẹn. Tó bá jẹ́ alẹ́ lẹ dé, ẹ sùn sí Lungi. Láti Bo sí abúlé ni ẹrẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀kadà ti ń wúlò ju ọkọ̀ ńlá lọ.

Òjíṣẹ́Ọ̀rọ̀ | 7 oṣù Karùn-ún

Mo ní ìbéèrè kan. Mo ń gbọ́ olùkọ́, mo ń gbọ́ oògùn. Ìwàásù ńkọ́? Ṣé míṣọ̀n ṣì ni èyí, àbí iṣẹ́ ìjọba?

ỌmọSàró | 7 oṣù Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè gidi ni. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè yìí, àti Kristẹni àti Mùsùlùmí sì ń gbé nínú ilé kan náà. Ìdílé ìyàwó mi gan-an bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú tó ti jagun ọdún 11, láti 1991 sí 2002, tó sì ti rí Ebola lọ́dún 2014, kò fẹ́ kí àlejò wá da àlàáfíà yẹn rú. Ẹ lè wàásù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lè dá ẹni tó bá béèrè ìgbàgbọ́ yín lóhùn láìbẹ̀rù. Ohun tí kò bójú mu ni kí ebi máa pa ọmọ lóṣù Kẹjọ, kí ẹ wá ní kó kọrin Jésù kó tó gba oúnjẹ. Àwọn àjọ Àgbélébùú Pupa àti ọ̀pọ̀ àjọ aláàánú ti kọ ọ́ sínú òfin ìwà wọn lọ́dún 1994 pé ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń fa ènìyàn sí ẹ̀sìn.

BàbáIjọ | 7 oṣù Karùn-ún

Olúwa wa wo adẹ́tẹ̀ 10 sàn, ẹyọ kan ló padà wá dúpẹ́. Kò gba ìwòsàn lára àwọn 9 tó kù.

Nọ́ọ̀sìAláwọ̀n | 8 oṣù Karùn-ún

Mo padà wá nítorí omi àti aṣọ. Kò tó nǹkan lójú, àmọ́ òun ló ń dá ènìyàn padà sílé.

Ọdún 2012, ìgbà òjò, onígbáméjì jà ní Sierra Leone. Ó mú ènìyàn tó ju 20,000 lọ, ó sì pa nǹkan bí 300. Ẹ máa sè omi títí tí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó mu ún. Èyí tí ẹ ó fi fọ ẹnu náà ńkọ́? Òun náà ni. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú yín tàbí ọmọ kan ní kíláàsì yín, tí kò sì sí oògùn onípákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pò mọ́ omi (ORS) nítòsí, ẹ po èyí: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n lójú lásán, iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọdé. Kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Aṣọ kì í tètè gbẹ lóṣù Kẹjọ. Eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní tumbu, orí aṣọ tútù tí wọ́n sá síta ló máa ń yé ẹyin sí. Tí ẹ bá wọ aṣọ náà, ìdin á wọ inú awọ, á sì wú bí eéwo. Mo ti yọ ọ́ lára ọmọ ìkókó tí ìyá rẹ̀ wé ní nápíkìn tútù. Àbò rẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ní tinú-tòde, àní àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti rán an. Ẹ má sá aṣọ sórí koríko.

Bàtà òjò tó gùn dé orúnkún, kì í ṣe kànfáàsì. Tọ́ọ̀ṣì tó ń lo bátìrì, torí oòrùn tó máa gba iná sára sólà kì í pọ̀. Oògùn yín nínú ike tó dé pinpin. Àwọ̀n tí wọ́n ti fi oògùn ẹ̀fọn sí, kí ẹ gbé tiyín lọ, torí bí ẹ bá lo tiwọn, ẹnì kan nínú ilé yẹn ló máa sùn láìní.

ArìnnàPẹ́ | 8 oṣù Karùn-ún

Lórí owó: bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ́pọ̀ kí oníṣẹ́ ọ̀fẹ́ san owó tirẹ̀. Ọkọ̀ ìwòsàn Mercy Ships tí gbogbo ayé mọ̀, tí ọkọ̀ wọn Global Mercy dé Freetown lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ló ń san owó ibùsùn àti oúnjẹ ara wọn. Kò tini lójú. Ohun tí ẹ máa béèrè ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ná an: mélòó ló ń kan ìdílé tó máa gbà yín sílé? Tí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ ronú dáadáa.

Ẹ ra adójútòfò tó máa gbé yín kúrò níbẹ̀ tí àìsàn bá le. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì aṣojú wọn irú físà tó yẹ ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà ECOWAS lè wọlé fún ọjọ́ 90 láìní físà, àmọ́ tiyín lè yàtọ̀.

Mo tún fẹ́ sọ pé ìbéèrè ỌmọSàró yẹn wọ̀ mí lára. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará abúlé yẹn nígbà tiwa. A kàn sọ ọjọ́ tí à ń bọ̀ fún wọn ni.

Olùkọ́Ìṣirò | 21 oṣù Karùn-ún

Ẹ̀yin ará, mo béèrè. Ọ́fíìsì míṣọ̀n kò lè dá mi lóhùn, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà. A sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 40, ẹ̀rọ ń já, ó ń padà. Ó ní àwọn olùkọ́ 9 ló jókòó, tí wọ́n mú oṣù Kẹjọ, torí oṣù Keje ni ìtulẹ̀ oko pọ̀ jù, àwọn fúnra wọn sì ní oko. Ọ́fíìsì ló fi oṣù Keje kún un kí ọ̀sẹ̀ 6 lè pé.

Mo bi í pé ṣé ọ̀sẹ̀ 3 péré á tó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ 3 tí gbogbo wa á lè jókòó dára ju ọ̀sẹ̀ 6 tí ìwọ nìkan á jókòó." Nítorí náà oṣù Kẹjọ ni mò ń lọ, ọ̀sẹ̀ 3. Owó ọ̀sẹ̀ 3 tó kù, mo ti bẹ àjọ náà kí wọ́n fi ra àpò ìrẹsì ní Bo kí n tó dé, kí ilé tí mo máa wọ̀ má bàa pín èyí tí kò tó. Wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe bí àwọn ṣe ń ṣe é. Wọ́n ti gbà báyìí.

BàbáIjọ | 21 oṣù Karùn-ún

Olúwa á ṣíwájú rẹ, ọmọ mi.

Olùkọ́Ìṣirò | 29 oṣù Kẹjọ

Mo ti dé o. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ 17 nínú ọjọ́ 21. Ẹ̀gbọ́n ArìnnàPẹ́, mo rántí yín lábẹ́ páànù yẹn. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, kò sí ohùn tó lè borí ariwo náà, kò sí bí o ṣe lè pariwo tó. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró níwájú àwọn olùkọ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti kọ sílẹ̀, ẹnu mi ń ṣí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tó ń kọ́ kíláàsì kejì, dìde, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sórí tábìlì, ó tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó wò mí, ó tún wọn tò ní mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn yòókù súnmọ́ tòsí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún bí wákàtí kan, a sì ṣe ìlọ́po àti ìpín tán. Ó ní bí òun ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn láti ọdún tí òun ti dé, gbogbo ìgbà òjò. Àwọn tó kù ò mọ̀, torí olúkúlùkù wà ní kíláàsì tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń ṣáájú láàárọ̀, èmi ń tẹ̀lé e.

Ọjọ́ 2 ni afárá igi kan fi bọ́ sómi tí àwọn olùkọ́ 4 ò lè wá. Ọmọ kan ní kíláàsì ìsinmi ṣe ìgbẹ́ gbuuru, a po omi ṣúgà bí Nọ́ọ̀sì ṣe kọ ọ́, màmá rẹ̀ gbé e lórí ọ̀kadà lọ sí Bo, ó ti padà dé. Lọ́jọ́ Sunday tó kẹ́yìn, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdúpẹ́ ni mo ṣe. Ìyá tó gbà mí sílé, Mùsùlùmí ni, ó wá, ó jókòó sí ìlà iwájú.

Olórí ilé-ẹ̀kọ́ ti bi mí bóyá màá wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n mú oṣù tó bá wọ̀ fún wọn, kí wọ́n sọ fún mi.

Nọ́ọ̀sì, mo ṣì ń lo oògùn ibà. Ó ku ọjọ́ 5.